Bí A Ṣe Ń Fi Jíìnì Sínú Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ Nínú Àwo Láàbù

Ta ni a kọ ìwé yìí fún?
Ẹ̀yin tí a ní kí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ tàbí awọ ara díẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí àìsàn ọpọlọ, àti ẹbí yín. Láti ọdún 2007 ni àwọn onímọ̀ ti ń sọ sẹ́ẹ̀lì awọ àgbàlagbà di ọ̀tun, tí wọ́n sì ń tọ́ ọ di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ.

Kí ni jíìnì ń ṣe?
Òun ni àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Bí ọ̀kan bá ní àbùkù, a lè fi èyí tó pé síbẹ̀, ká wò ó bóyá ara sẹ́ẹ̀lì á yá.

Kí ló mú kí fífi jíìnì sínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ nira?
Sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì máa ń tú ògiri yàrá tí DNA (ohun tí a fi kọ jíìnì) wà palẹ̀, kó tó tún un mọ. Ìgbà yẹn ni jíìnì àlejò ń ráyè wọlé. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ti gbó kì í pín, ògiri rẹ̀ kì í wó, bẹ́ẹ̀ ni kò pẹ́ kú bí a bá fipá ṣe é.

Ọ̀nà mẹ́rin tó wọ́pọ̀
1. Kálísíọ̀mù (1973). A ó po DNA mọ́ kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì. Á di èérún wínníwínní, á balẹ̀ sórí sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì. Kò wọ́nwó, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló ń gbà á. Bí omi rẹ̀ bá kan jù díẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti dòfo.
2. Ọ̀rá. A ó fi ọ̀rá wé DNA bí ẹní fi ewé wé ẹ̀kọ. Ọ̀rá ló pọ̀ nínú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú, wọ́n á wọnú ara wọn. Ó rọrùn, àmọ́ bó bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì á kú.
3. Iná mànàmáná (1982). Iná tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan á lu ihò sára sẹ́ẹ̀lì, DNA á gba ibẹ̀ wọlé. Ó dára jù kí sẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ àwo.
4. Fáírọ́ọ̀sì. A ó yọ ohun tó ń fa àìsàn kúrò nínú rẹ̀, a ó fi ọgbọ́n ìwọlé rẹ̀ sílẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí à ń pè ní AAV kò lè ru ju bí 4,700 lẹ́tà DNA lọ; oríṣi mìíràn, lentivirus, ń ru tó bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìdílé HIV ni lentivirus ti wá, ṣùgbọ́n èyí tí à ń lò kò lè bímọ.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó wọlé?
A máa ń so jíìnì ẹran òkun kan tó ń tàn mọ́ ọn. Nínú òkùnkùn maikirosíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì tó gbà á á tàn ní àwọ̀ ewé, ẹ̀ka rẹ̀ á nà tín-ín-rín bíi gbòǹgbò.

Ṣé ìwòsàn nìyí?
Rárá. Inú àwo ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí; a kò ní fi ohunkóhun sí yín lára. Lóòótọ́, ní 2019, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tó ń fi AAV gbé jíìnì fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, tí àìsàn SMA ń sọ iṣan wọn di aláìlágbára. Ìyẹn yàtọ̀ sí ìwádìí yìí.

Ẹ bi wá ní ìbéèrè. Ẹ lè yọwọ́ nígbàkígbà, ìtọ́jú yín kò ní yí padà. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí kò bá tíì yé yín, ẹ má sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.