Orúkọ Òyìnbó nínú Ìdílé Yorùbá, àti Ibi tí Ó Ti Wá

Nínú ìwé-orúkọ àwọn ìjọ wa, láti Èkó títí dé Oǹdó, orúkọ bí Williams, Cole, Davies, Johnson, Phillips àti Macaulay kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọmọ tí ńjẹ́ orúkọ wọ̀nyí a máa bi olùkọ́ wọn léèrè pé, "Ìlú wo ní Ìlú Ọba ni baba-ńlá wa ti wá?" Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n fún èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn ìdílé wọ̀nyí, bí a bá tọ ipasẹ̀ orúkọ náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ li a ó bá níbẹ̀, kì íṣe baba ọmọ. Baba wà ní Ọ̀yọ́, tàbí ní Ẹ̀gbá, tàbí ní Ìjẹ̀ṣà. Freetown ni a sì ńgbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kì íṣe ti orúkọ lásán. Ilé méjì tí ńjẹ́ Williams lè máa bẹ̀rù láti fẹ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni nwọn kò bá ara wọn tan rárá. Ọmọ ìyá méjì tí a kó nínú ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì lè gba orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn máa gbé àdúgbò kan náà láìmọ̀ pé ẹbí ni nwọ́n. Ilẹ̀ àti oyè pẹ̀lú wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ agbo-ilé tí a ti kó baba rẹ̀ kò ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Li ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìà rẹ̀. Li ọdún 1808 ni Freetown di ilẹ̀ ọba wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọkọ̀ ogun ti ńgba ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, tí nwọ́n sì ńkó àwọn tí ó wà nínú wọn gúnlẹ̀ sí Freetown. Nígbà tí Ọ̀yọ́ àtijọ́ ńfọ́, tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan, àwọn ènìà wa pọ̀ níbẹ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí a fi sọ wọ́n ní Akú, nítorí ìkíni wọn. Akọ̀wé ìjọba a kọ olúkúlùkù sínú ìwé ńlá kan: orúkọ tí ó ti ilé mú wá, bí ó ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí rẹ̀ ní ìfojúdá, gíga rẹ̀, àti ilà tàbí àpá ara rẹ̀. Orúkọ òyìnbó kò sí níbẹ̀. Ilé-ìwé àti ìtẹ̀bọmi ni ó mú un wá lẹ́hìn náà. Àwọn kan gba orúkọ gómìnà, àwọn kan ti míṣọ́nnárì tí ó kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ C.M.S. sì ní ètò kan: ẹni tí ó bá ńsan pọ́n-ùn 5 li ọdún ní Ìlú Ọba fún ìtọ́jú ọmọ kan ní ilé-ìwé Sàró lè fún ọmọ náà li orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fi ojú kan ọmọ náà rí.

Orúkọ náà kò tilẹ̀ fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. W. A. B. Johnson, tí ó ṣe iṣẹ́ ní Regent li ẹ̀bá Freetown láti ọdún 1816 títí ó fi kú li ọdún 1823, ọmọ Hanover ní ilẹ̀ Jámánì ni. Zachary Macaulay, tí ó ti ṣe gómìnà Sàró ṣáájú rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Scotland ni.

Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ mú ọ̀ràn yìí hàn tó Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, nítorí òun tìkára rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan li ọdún 1837. A kó o ní Òṣogùn li ọdún 1821, nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 13. A ńtà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì fi í sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ni Àlùfáà Raban tẹ̀ ẹ́ bọmi, a sì fi orúkọ Samuel Crowther sọ ọ́, èyíinì ni àlùfáà ìjọ Christ Church, Newgate, ní London. Ẹni tí ó bá gbé orúkọ yìí lọ sí London yíò bá àlùfáà kan tí ó yẹ fún ọ̀wọ̀. Kò ní bá Òṣogùn níbẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá bá a li Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, li ẹ̀hìn ọdún 25, Àjàyí ni ó wá wò, kì íṣe Samuel. Ìyá náà gba ìtẹ̀bọmi li ọdún 1848, orúkọ tirẹ̀ sì di Hannah. Ẹ wò ó: bí kò bá sí ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ, ta ni ìbá fi orúkọ Hannah Crowther mọ̀ ọ́n li ọmọ ilẹ̀ Yorùbá?

Abigail, ọmọbìnrin Crowther, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ li Èkó li ọdún 1859. A bí Macaulay yìí ní Sàró, Yorùbá sì ni àwọn òbí rẹ̀; orúkọ tí ó ńjẹ́ ni orúkọ ọmọ Zachary Macaulay, ẹni tí ó kọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà Herbert Macaulay, ọmọ wọn, tí a bí li ọdún 1864, jogún orúkọ òyìnbó ní ìhà ti baba àti ti ìyá, Yorùbá sì li àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì.

Orúkọ ìlú pẹ̀lú a máa ṣi ènìà li ọ̀nà, mo sì rò pé èyí burú ju ti orúkọ ènìà lọ. Bí ìwé kan bá wí pé a bí baba-ńlá rẹ ní Hastings, tàbí ní Gloucester, tàbí ní Leicester, má ṣe yára wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlú Ọba. Àwọn ìletò àyíká Freetown ni ó ńjẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú Wellington, Bathurst àti Waterloo. Ní Hastings ti Sàró li a bí Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, li ọdún 1846, baba rẹ̀ sì jẹ́ ìran Aláàfin Abíọ́dún. Bákan náà ni Abẹ́òkúta: ọ̀pọ̀ ìdílé a máa wí pé ibẹ̀ li a ti kó baba wọn, ṣùgbọ́n ní ọdún 1830 li a tẹ ìlú náà dó. Ẹni tí ó bá ti wà ní Freetown ṣáájú ọdún náà kò lè ti Abẹ́òkúta lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ogun fọ́ ni kí a wá fún un.

Síbẹ̀ ìwé Ìlú Ọba a máa tọ́ wa sílé nígbà míràn. Ọmọbìnrin Yewa kan tí ogun Dàhómì kó li ọdún 1848 ni Ọba Gezo fi fún Ọ̀gágun ojú omi Forbes li ọdún 1850. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Ta ni yíò wá baba ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀ ojú omi? Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ J. P. L. Davies, oníṣòwò Èkó, ní Brighton ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, orúkọ tí a kọ fún un nínú ìwé ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ina. Àìná ni, orúkọ àmútọ̀runwá.

Ní ìhà tiwa níhìn-ín, ọ̀nà tí Glover là láti etí ọ̀sà gba inú igbó lọ sí Oǹdó, ní nǹkan bí ọdún 1872, ni orúkọ wọ̀nyí bá wọlé. Charles Phillips, tí ó dé Oǹdó li ọdún 1877 tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù li ọdún 1893, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti Sàró bọ̀ ni baba rẹ̀. Àwọn ará Oǹdó tí nwọ́n tẹ̀ bọmi lẹ́hìn náà gba orúkọ òyìnbó láìfi Oǹdó sílẹ̀ rí, nítorí náà kì íṣe gbogbo orúkọ òyìnbó li apá ibí yìí ni ó ti ọ̀nà Sàró wá.

Ìwé ńlá àwọn akọ̀wé Freetown ṣì wà ní ìlú náà. Ẹ̀dà rẹ̀ wà ní Kew li ẹ̀bá London, orúkọ tí ó ju 91,000 lọ tí a kó jọ láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nísisìyí. Lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́ C.M.S. wà ní Yunifásítì Birmingham. Kí ẹni tí yíò ka orúkọ inú wọn máa pè é sókè, nítorí ohun tí etí òyìnbó gbọ́ ni ó kọ: Adjai ni nwọ́n kọ Àjàyí. Ṣùgbọ́n kí ó tó kọ̀wé sí ibikíbi, kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà ilé, kí ó béèrè oríkì tí nwọ́n fi ńkí ọmọ ní òwúrọ̀, èèwọ̀ ilé, àti irú ilà tí ó wà li ojú ẹni tí ó ti Sàró bọ̀. Bí oríkì bá ní Òṣogùn, tí orúkọ sì ní Newgate, oríkì ni kí a tẹ̀lé.

Kí ó sì béèrè bóyá a ti pa orúkọ dà. Láti bí ọdún 1887 ni àwọn ọ̀mọ̀wé mélòó kan ti ńbọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Li ọdún náà ni W. J. Davies di Orishatukeh Faduma. Ẹni tí ó bá sì ńwá Mojọla Agbebi nínú ìwé ìjọ ṣáájú ọdún 1894, abẹ́ David Brown Vincent ni yíò ti rí i.