Ẹ̀jẹ̀: Ṣé ká tà á ni, àbí ká fi ta aláìsàn lọ́rẹ?

Bí dókítà bá ti sọ fún ẹbí aláìsàn pé kí wọ́n lọ wá ẹ̀jẹ̀ wá, ìdààmú dé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n á máa wo ojú àbúrò, àbúrò á sì máa wo ojú ẹ̀gbọ́n. Kódà, àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń ní kí ọkọ aláboyún wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó bímọ. Ọkọ tó bá ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ á wá ẹni tí yóò fún lówó, onítọ̀hún á sì pe ara rẹ̀ ní mọ̀lẹ́bí.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀ nítorí àtijẹ kò ní fẹ́ kí owó náà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Bí wọ́n bá bi í bóyá ó ṣàìsàn, tàbí ìgbà tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn, ó lè parọ́. Lóòótọ́, wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún HIV, hepatitis B àti C, àti syphilis, àmọ́ àyẹ̀wò lè má rí àrùn tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Ìdí nìyí tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ń rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti ọdún 1975 pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀fẹ́ ni kí wọ́n gbára lé.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa kò fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ṣe oògùn owó. Àwọn mìíràn ní bó bá ti kúrò lára, kì í padà mọ́. Àwọn kan sì ń bínú pé ohun táwọn fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, aláìsàn ń sanwó kó tó rí i gbà. Owó àyẹ̀wò, àpò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀ nínú fíríìjì ló yẹ kí ìyẹn jẹ́, bó bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀tọ́ aráàlú ni láti béèrè.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ tó kúrò lára, nǹkan bíi 450 mílílítà ni wọ́n ń gbà nínú nǹkan bíi lítà 5 tó wà lára àgbàlagbà, ara yóò sì pèsè òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni ọdún 18 sí 65 tí ara rẹ̀ dá, tó sì wọn kìlógíráàmù 50 ó kéré tán, lè fi sílẹ̀.

Òfin ọdún 2021 ti dá àjọ National Blood Service Commission sílẹ̀ láti bójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹ̀jẹ̀ lára, àwa la ni ín. Abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò lè dúró de ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kiri. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.