Kòkòrò Ìdí Òdòdó: Ẹ Mọ̀ Ọ́n Kí Ẹ Tó Fín Oògùn

Zuba ni oríta tí ọ̀nà Lọ́kọjà ti pàdé ọ̀nà Kàdúná, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gwagwalada, ní Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀, Àbújá. Òkìkí ọjà èso rẹ̀ kàn káàkiri. Àwọn ọmọ Yorùbá kò sì gbẹ́yìn nínú àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé dé agbègbè náà. Bí ìdálẹ̀ bá sì ti ń di ilé fún ènìyàn, ọ̀kan nínú ohun tí ó máa ń ṣe ni pé kí ó gbin òdòdó sí iwájú ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òdòdó kì í dá gbé. Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Kò ní pẹ́ tí ewé yóò fi máa lu, tí ìrudi yóò máa gbẹ kí ó tó tanná, tí ohun dúdú bí èédú yóò sì bo ẹ̀ka. Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé kí wọ́n sáré lọ ra oògùn apakòkòrò. Èrò wa ni pé oògùn olóró ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn nínú ohun tí a ó ṣe, kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó ṣíwájú.

Ìdí èkínní ni ewu tí ó wà fún ará ilé. Nínú oògùn tí a ń pè ní òtápiápiá, dichlorvos ni ó wọ́pọ̀ jù. Ó ń gba imú wọ ara, ó sì ń gba awọ ara wọlé pẹ̀lú. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de ìgò kékeré rẹ̀, tí wọ́n sì ní kí a má tà á mọ́ ní gbangba ọjà àti ní ilé ìtajà ńlá. Àgbàlá tí ọmọdé ti ń ṣeré, tí adìẹ ti ń jẹ̀, tí kànga sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ibi tí a ń da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí.

Ìdí kejì ni pé oògùn náà kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Aláǹtakùn, àwọn agbọ́n kéékèèké, àti kòkòrò roboto tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa tí ó sì ní àmì dúdú tó-tò-tó, gbogbo wọn ni ó ń bá wa pa kòkòrò búburú. Bí a bá pa wọ́n tán, àwọn ọ̀tá tí ó bá ṣẹ́kù yóò máa bí sí i láìsí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́kun.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí ilé. Ní ọdún 1973 ni a ṣàkíyèsí kòkòrò funfun kan tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ orílẹ̀-èdè Zaire, tí a ń pè ní Congo lónìí, tí ó sì ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, tí Hans Herren, ọmọ Switzerland, jẹ́ aṣáájú wọn, kò gbójú lé oògùn. Agbọ́n kékeré kan ni a rí ní Paraguay, tí ó máa ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà, tí ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹ ẹ́ láti inú. Ní ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú agbọ́n yìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà. Ẹ̀gẹ́ bọ́. Ní ọdún 1995 ni a fún Herren ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé.

Ǹjẹ́ kí ni ẹni tí ó ní òdòdó ní Zuba yóò ṣe? Kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni tí ń bá a jà. Bí èèrà bá ń gòkè, tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lára hibiscus, kí ó yí ewé wò ní abẹ́. Yóò rí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín bí iná ara adìẹ, tàbí àwọn tí ara wọn funfun bí ẹni pé a fi ìyẹ̀fun kùn wọ́n. Oje igi ni wọ́n ń fà mu, omi dídùn ni wọ́n sì ń yàgbẹ́ rẹ̀. Nítorí omi dídùn yìí ni èèrà ṣe ń ṣọ́ wọn. Lórí rẹ̀ náà ni ohun dúdú bí èédú ti ń hù. Kí ó gé ẹ̀ka tí ó bàjẹ́ jù kí ó sì sun ún. Kí ó po ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi mọ́ lítà omi kan, kí ó dán an wò lára ewé kan, kí ó sì fín in sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́.

Ti tata yàtọ̀. Èyí tí ó ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti dúdú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Zonocerus variegatus, inú ilẹ̀ tútù lábẹ́ igbó ni ó ń yé ẹyin sí. Ní gúúsù Nàìjíríà, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó sábà máa ń yé e, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì ń pa. Ẹni tí ó bá rí ibi tí wọ́n péjọ sí, tí ó fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà kí oòrùn lè pa ẹyin, ti ṣẹ́gun wọn kí wọ́n tó bí. Bí wọ́n bá ti pa, àwọn ọmọ rẹ̀ a máa rọ̀ mọ́ ara wọn lórí ewé ní òwúrọ̀. Ìgbà náà ni a lè gbọ̀n wọ́n sínú omi ọṣẹ.

Dóńgóyárò tí ó pọ̀ ní agbègbè Àbújá wúlò pẹ̀lú. A ó gún gíráàmù 50 èkùrọ́ inú èso rẹ̀, a ó rẹ ẹ́ sínú lítà omi kan di ọjọ́ kejì, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì fín in ní ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn a máa tètè pa agbára rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ iwájú ilé ẹnìkan ni èyí. Kòkòrò funfun mìíràn, tí ó ti ilẹ̀ Mexico wá, ni a ti ń rí ní Ghana láti nǹkan bí ọdún 2009, ó sì ti wọ Nàìjíríà. Ìbẹ́pẹ ni ó fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ hibiscus àti ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú. Nítorí náà, ohun tí a bá fi sílẹ̀ lára òdòdó wa lè gorí ìbẹ́pẹ aládùúgbò. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ́rẹ́huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Kí olúkúlùkù yẹ òdòdó rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ó sì pe aládùúgbò rẹ̀ sí i nígbà tí kòkòrò ṣì kéré níye.