Àlọ́ Tí Olùkọ́ Kò Parí

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ ní Dàda Estate, Òṣogbo, kò ṣòro láti rí ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá wọn ò tíì ti ọjà dé. Ọmọ yìí ló mọ ìgbà tí àbúrò jẹun kẹ́yìn, òun ló kọ́kọ́ mọ̀ bí ara rẹ̀ bá gbóná. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe.

Ní ilé ẹ̀kọ́, ọmọ kan náà á jókòó, á da ohun tó wà lójú pátákó kọ: ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ se omi kí ẹ tó mu ún, ẹ máa fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru lómi. Á gba gbogbo máàkì. Àmọ́ lọ́jọ́ tí àbúrò bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tí màmá àgbà sì ní kí ẹnikẹ́ni má fún un lómi kí ìgbẹ́ náà lè dá, ọ̀rọ̀ di méjì. Ìwé sọ ọ̀kan, àgbà sọ òmíràn. Ọmọ náà mọ ohun tí ìwé sọ. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún màmá àgbà, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbé méjèèjì pọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ̀kọ́ ìlera ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kíláàsì wa ti ń pa ìwé dé.

Ọ̀nà mìíràn wà, orírun rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Láàárín 1956 sí 1961, dókítà àwọn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Káàdì tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ ṣe ń tẹ̀wọ̀n sí i, ọwọ́ ìyá ọmọ ló fi sí, kò kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Nígbà tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, òun àti Hugh Hawes tó jẹ́ olùkọ́ni wà lára àwọn tó dá ètò Child-to-Child sílẹ̀ fún Ọdún Àwọn Ọmọdé Àgbáyé, 1979. Ohun tí ètò náà gùn lé ni ohun tí gbogbo Ìjẹ̀ṣà mọ̀: ẹ̀gbọ́n ló ń tọ́ àbúrò.

Nínú ètò yìí, àwọn ọmọ á yan ìṣòro kan, wọ́n á lọ wádìí rẹ̀ nílé àti ládùúgbò, wọ́n á padà wá jíròrò ohun tí wọ́n gbọ́, wọ́n á ṣe nǹkan sí i, wọ́n á wo ohun tó yí padà, wọ́n á sì tún un ṣe dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwádìí ilé yẹn ló wù mí jù. Ọmọ kò gbé àṣẹ tíṣà lọ bá màmá àgbà. Ìbéèrè ló gbé lọ: "Màmá, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, kí ni wọ́n máa ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru? Kí ló dé tí wọn ò fi ń fún un lómi?" Àgbà á jókòó, á sọ̀rọ̀, á rántí èyí tó yè àti èyí tí kò yè. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò dínkù, ọmọ sì ti rí ìmọ̀ gbé padà lọ sí kíláàsì.

Ohun tí wọ́n á wá fi dán ọ̀rọ̀ omi yìí wò wà nínú ìwé tí David Werner àti Bill Bower gbé jáde ní 1982, látinú iṣẹ́ ìlera wọn ní abúlé kan ní Mẹ́síkò. Ẹ mú akèrègbè, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tutù bò ó. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ dí i, ẹ sì fi abẹ́rẹ́ lu ihò kéékèèké sí ibi tí ojú á wà. Ẹ rọ omi kún un. Bí ẹ bá yọ ìdí tí ẹ dí, omi á máa jáde, ojú kò ní lè sunkún mọ́, aṣọ orí á sì wọnú bí àwùjẹ̀ ọmọ tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Kí olùkọ́ dákẹ́ níbẹ̀. Kó bi wọ́n pé, "Kí la máa ṣe?" Àwọn ọmọ fúnra wọn á ní kí a bu omi sí i. Ìgbà yẹn ni lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tí kò kún ju etí lọ, àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀, á ní ìtumọ̀ lójú wọn.

Àlọ́ ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé bí Ìjàpá bá ti ko wàhálà tán, àgbà ló ń sọ ohun tí ìtàn kọ́ wa. Ohun tó ṣàjèjì ni kí olùkọ́ dá àlọ́ dúró kó tó parí. Irú rẹ̀ nìyí: ọmọ kan ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó má bá a jókòó mọ́, kó má baà kó o. Ọ̀rẹ́ náà dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó rí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Kí ló máa ṣe? Àwọn tó ní kó jókòó níbẹ̀, kí wọ́n lọ sápá ọ̀tún yàrá. Àwọn tó ní kó gbọ́ ti ìyá rẹ̀, kí wọ́n wá sápá òsì. Ẹni tí kò tíì mọ̀, kó dúró láàárín. Kí oníkálukú sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí àlàyé ẹlòmíràn bá yí lọ́kàn padà lè rìn lọ sápá kejì láìsí ìtìjú.

Irú ọ̀nà yìí tàn kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìwé Values and Teaching tí Louis Raths, Merrill Harmin àti Sidney Simon kọ ní 1966. Wọ́n ní kí olùkọ́ má fi èrò tirẹ̀ lé ọmọ lórí. Mi ò bá wọn lọ dé òpin. Fòníkú-fọ̀ladìde kì í ràn, ara òbí méjèèjì ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, èyí kì í sì í ṣe ohun tí à ń dìbò sí. Kí olùkọ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ohun tó kù fún àwọn ọmọ láti rò ni bí èèyàn ṣe ń jẹ́ ọ̀rẹ́ nígbà tí àgbà tó fẹ́ràn ẹni bá ṣe àṣìṣe.

Lóòótọ́, ariwo á pọ̀ nínú irú ẹ̀kọ́ báyìí, pàápàá ní kíláàsì tó kún fọ́fọ́. Kí wọ́n jáde sábẹ́ igi. Àmọ́ ìṣòro tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti èdè. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Síbẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ṣì ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà wọn. Ọmọ tí a ní kó ṣàlàyé ìdí tó fi kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún nílò gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́nu. Ó kéré tán, kí wọ́n gbé ìtanràn yẹn kúrò ní àkókò ẹ̀kọ́ ìlera.