Ọkọ̀ Ìhìnrere Tí A Lè Sùn Sí: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìjọ Mọ̀ Kí Ó Tó Ra Bọ́ọ̀sì Tòkunbọ̀

Ìlú oríta ni Ìfàkì-Èkìtì. Láti ibẹ̀ ni a ti ń lọ sí Adó gba Ìwòrókò, sí Ìdó àti Ọ̀tùn, àti sí Ọyẹ́ àti Ìkọ́lé títí dé Òmùò. Ibi tí ó yẹ ni ó jẹ́ fún ìjọ tí ó bá fẹ́ mú ìhìnrere dé àwọn abúlé àríwá Èkìtì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò yé jẹyọ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ajíhìnrere: níbo ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò sùn nígbà tí ìsọjí alẹ́ bá parí ní abúlé tí kò ní ilé àlejò? Ìrìn òru kò bójú mu mọ́. Gbogbo wa ni a rántí pé lójú ọ̀nà ni wọ́n ti pa ọba méjì láti agbègbè wa ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024.

Ìdí nìyí tí àwọn ìjọ kan fi ń ronú láti ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì tún inú rẹ̀ ṣe bí yàrá. Èrò náà kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1951 ni ilé-iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì ti ń fi ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú bọ́ọ̀sì Volkswagen, irú èyí tí a wá mọ̀ sí dáńfó níhìn-ín. Iṣẹ́ Olúwa àti iṣẹ́ ọkọ̀ kò sì ṣàjèjì sí ara wọn nílẹ̀ wa: awakọ̀ kátakáta tí ń tẹ ọ̀nà ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá nígbà tí ìpè Ọlọ́run dé bá a ní ọdún 1928.

Ṣíṣírò owó

Nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 14, Olúwa wa fi ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ: ó ní láti kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó, kí iṣẹ́ náà má baà dúró lágbedeméjì. Ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀ ìjọ jẹ́ ni pé gbogbo owó tí wọ́n kó jọ ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó yẹ kí á pín owó náà sí: ti rírà, ti àtúnṣe ẹ́ńjìnnì, bíréèkì àti táyà, àti ti iṣẹ́ inú ọkọ̀. Bí ìpín kejì kò bá sí, ìpín kẹta kò ní í wúlò.

Yíyẹ ọkọ̀ wò

Bọ́ọ̀sì àkẹ́rù tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn ni ó rọrùn jù láti yí padà, nítorí inú rẹ̀ ṣófo. Kí ìjọ mú mẹkáníìkì tirẹ̀ lọ, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á. Kí ẹ́ńjìnnì tutù kí a tó tan án, nítorí ẹ́ńjìnnì tí a ti mú gbóná sílẹ̀ lè fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Èéfín tí ó pọ́n bí aró ń sọ pé ọkọ̀ ń jó ọ́ìlì; èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró ń sọ pé omi ń wọ ibi tí epo ti ń jó. Bí ọ́ìlì bá rí bí tíì oníwàrà, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Kí a yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ ṣáásì, nítorí ọ̀dà tuntun kì í wo egungun tí ó ti jẹrà sàn.

Ọkọ̀ tí ó ti Bìrìtéènì tàbí Japan wá gba àkíyèsí pàtàkì. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún ọ̀nà, nítorí náà wọ́n ti ní láti gbé ìdarí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Bí wẹ́dà kò bá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ẹ̀mí gbogbo èrò ni ó wà nínú ewu.

Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó tẹ̀lé DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà lè dán kí ó sì ti gbó.

Ìwé ọkọ̀

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ka kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé léèwọ̀. Bọ́ọ̀sì tí owó rẹ̀ dínkù lọ́nà ìyanu lè jẹ́ èyí tí a yọ́ mú wọlé láti Kútọnu, tí Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà lójú ọ̀nà. Kí nọ́ńbà 17 tí ó wà lára ọkọ̀ bá ti inú ìwé mu. Orúkọ àwọn aṣojú ìjọ tí a forúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin, èyí tí ìpín F òfin CAMA ti ọdún 2020 sọ̀rọ̀ lé, ni kí a fi ra ọkọ̀, kì í ṣe orúkọ olùṣọ́-àgùntàn tàbí alágbà kan. Ìyípadà ibi iṣẹ́ tàbí ikú ẹnì kan ti sọ ohun-ìní ìjọ di ẹjọ́ rí.

Inú ọkọ̀

Kí ohun tí a ó kó sínú rẹ̀ má wúwo jù. Ọ̀pọ̀ irú bọ́ọ̀sì yìí ni ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù àti èrò kò gbọ́dọ̀ ju 3,500 kìlógíráàmù lọ. Lítà omi 100 nìkan ti jẹ́ kìlógíráàmù 100. Ibùsùn pákó méjì tí a lè ká, àpótí fún Bíbélì àti ìwé àṣàrò kúkúrú, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lójú fèrèsé ti tó.

Ní ti iná, gílóòbù LED mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 5 yóò lo 100 wáàtì-wákàtí ní wákàtí márùn-ún. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn oní-100 wáàtì yóò lo 300 ní wákàtí mẹ́ta. Bátìrì olómi 12 fóòtì, 100 Ah, ń gba nǹkan bí 1,200. Bí a kò bá lò ju ìdajì lọ kí ó má baà tètè kú, 600 ṣì kù fún wa. Nítorí náà, bátìrì kan àti páńẹ́ẹ̀lì sólà lórí òrùlé lè gbé ìsọjí alẹ́ kan láìsí jẹnẹrétọ̀.

Èyí ṣe kókó ju owó epo lọ. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kábọ́ọ̀nù mónósáídì nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí atẹ́gùn ìyè ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ẹni tí ó sùn kò ní í jí láti sá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan jẹnẹrétọ̀, ẹ́ńjìnnì tàbí àdògán eléèédú nítòsí ọkọ̀ tí ènìyàn sùn sí. Kí fèrèsé méjì máa ṣí díẹ̀, kódà nígbà ọyẹ́.

Ní ìparí, ọkọ̀ kì í ṣe odi. Kí a má ṣe dá dúró sí inú igbó tàbí ẹ̀bá ọ̀nà. Kí a tọ Baálẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a sì gbé ọkọ̀ sí àgbàlá ìjọ tàbí iwájú ilé rẹ̀. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Olúwa ìkórè fún àwọn ìgbìmọ̀ wa ní ọgbọ́n, kí ó sì máa mú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó máa mú wọn bọ̀ ní àlàáfíà. Àmín.