Kẹ̀kẹ́ Onígi Tó Gbé Pósí Martin Luther King

Irú kẹ̀kẹ́ yìí ni àwọn àgbẹ̀ tálákà ìhà gúúsù Amẹ́ríkà fi ń kó irè oko nígbà kan rí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1968, ìbaaka méjì fà á ní Atlanta, láti Ṣọ́ọ̀ṣì Ebenezer, níbi tí King àti bàbá rẹ̀ ti jọ jẹ́ pásítọ̀, lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse. Ẹ wo pákó rẹ̀ dáadáa: orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé pósí lé. Ọmọ ọdún 39 ni King nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní Memphis, níbi tó ti lọ gbárùkù ti àwọn akólẹ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ olówó ńlá kò yẹ irú òkú bẹ́ẹ̀. Àwọn tálákà ni King ń múra láti kó lọ sí Washington láti fẹ̀hónú hàn nígbà tí ikú dé.