Ta Ni Yóò Fi Òǹkà Wọn Ìbínú Ará Cocody?

Ẹni tí ó ń gbé ẹ̀bá títì tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Boulevard Mitterrand tàbí Boulevard Latrille ní Cocody, ní ìlú Abidjan, ìbáà ṣe olówó onígéètì, ìbáà ṣe ayálégbé, kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn fèrè gbaka (bọ́ọ̀sì kékeré akérò) fún un, tàbí igbe ọmọ ọkọ̀ tí ń pe èrò láti ìdájí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn fà ni bí a ó ti sọ ìnira rẹ̀ di iye tí a lè fi ṣòfin.

Ẹ̀rọ a máa kó ìró wákàtí 24 pọ̀, a fi dẹ̀síbẹ̀lì 5 kún ti ìrọ̀lẹ́ àti 10 kún ti òru, a sì mú iye kan ṣoṣo jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í bínú, inú ọmọ ènìyàn sì jìn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn onílé. Ìlànà tí ISO, àjọ ìlànà àgbáyé, gbé jáde ní 2003 ni pé kí a bi í bí ariwo ti yọ ọ́ lẹ́nu tó nínú ilé rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù 12 sẹ́yìn, kí ó sì mú iye kan láti 0 dé 10.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn gbé dùn. Ní 1978, Theodore Schultz ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí ìlú púpọ̀ jọ, ó sì fa ìlà kan tí ó so ìró mọ́ iye àwọn tí inú ń bí gidigidi. Nínú àṣà tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó mú 8, 9 tàbí 10 ni a ń kà sí irú wọn. Ẹni tí ó mú 7, bí kò tilẹ̀ fojú kan oorun, kò sí nínú ìwé. Ta ni ó fi ààlà náà lé àwọn olùwádìí lọ́wọ́?

Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dẹ̀síbẹ̀lì 53 ṣe ààlà fún ariwo ọkọ̀ ojú pópó, 45 péré fún ti ọkọ̀ òfuurufú: ìró tí ó kéré sí ti títì ti tó láti bí ènìyàn nínú bí ó bá ti ojú ọ̀run wá. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. Ẹ jẹ́ kí olùwádìí gbé ìwé rẹ̀ tọ obìnrin tí ń ta atiéké ní ibùdókọ̀ gbaka, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn àtẹ rẹ̀, tí ó sì ń fi fèrè mọ ìgbà tí èrò dé: 2 ni yóò mú. À ń gba òròmọadìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀.

Bí àwọn aláṣẹ Abidjan bá fẹ́ pààlà fún ariwo ọkọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bi onígéètì àti alátẹ, kí wọ́n sì tẹ gbogbo èsì jáde láti 0 dé 10, kí àwọn tí ó mú 7 má baà sọnù.